Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Etíkun wo ni kí á kó àwọn ọmọ àti ìyá àgbà lọ nínú Ọ́gọ́ọ̀sì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìkòròdú ni à ń gbé. Ọmọ mẹ́ta ni a ní, ọdún 4, 9 àti 13. Ìyá ọkọ mi tó ti lé ní 70 ọdún, tí orúnkún ń dà láàmú, máa bá wa lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì nínú Ọ́gọ́ọ̀sì la fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́ta gbádùn etíkun. Ọkọ mi ní Àgbádárìgì ni ká wá, àbúrò mi ní Kútọnu ló dáa jù, ọ̀rẹ́ mi ní ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ló sún mọ́ wa. Èwo ni kí á mú? Ṣé kí n ra tíúbù táyà fún àwọn ọmọ láti fi wẹ̀? Bàbá wọn nìkan ló mọ odò wẹ̀ nínú ilé wa.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ìyá, ẹ kú àbójútó àwọn ọmọ. Láti bí ọdún 16 tí mo ti ń mú àlejò káàkiri Àgbádárìgì, ibi tí iyanrìn ti funfun jù ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ bi mí. Ẹ̀yin sọ ọjọ́ orí àwọn ọmọ, ẹ sọ orúnkún ìyá, ẹ sì sọ ẹni tó mọ odò wẹ̀. Ohun tí a ó fi yan etíkun gan-an nìyẹn: ẹni tí kò lè rìn jìnnà àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ẹwà iyanrìn, ẹ̀yìn ìyẹn ló wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti oṣù tí ẹ mú. Láti Júùnù wọ Sẹ̀tẹ́ńbà, òkun wa kì í fara rọ. Ìgbà òtútù ni àsìkò náà ní ìsàlẹ̀ ayé lọ́hùn-ún, ìjì líle a sì máa jà lórí agbami Àtìláńtíìkì níbẹ̀. Ìgbì tí ìjì náà gbé dìde á rin ọ̀pọ̀ ọjọ́ lójú omi, ọ̀dọ̀ wa níbí ló sì máa wá fọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè dé Àgbádárìgì kí oòrùn máa ràn, kí imọ̀ àgbọn má mì, síbẹ̀ kí òkun máa bú ramúramù. Etíkun wa nà gbọọrọ, gúúsù ló kọjú sí tààrà, kò sí erékùṣù kankan lójú omi tó máa gba ìgbì náà mọ́ra. Bí ẹ bá sọdá sí Kútọnu, òkun kan náà lẹ máa bá níbẹ̀, ẹ ó sì ti fi wàhálà bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ àti ìpààrọ̀ owó kún un. Fún ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú ìyá àgbà, ẹ fi Kútọnu sílẹ̀ ní tiwọn.

Ire tó wà nínú Ọ́gọ́ọ̀sì ni pé òjò sábà máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀, oòrùn kì í sì í mú jù. Ìyá á lè jókòó síta láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n òkun inú Ọ́gọ́ọ̀sì, ti ojú àti ti kókósẹ̀ ni. Kì í ṣe ti ìwẹ̀.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ní nǹkan bí ọdún 11 sẹ́yìn, mo kó ìdílé kan kọjá sí erékùṣù Gberefu, ilẹ̀ tó wà láàárín ọ̀sà Àgbádárìgì àti òkun, irú oṣù yìí náà ni. Àwọn ọmọ ń sá fún ìgbì, wọ́n tún ń sáré padà lọ bá a, ẹ̀rín ń sọ. Ìgbì kan wá gun orí iyanrìn ju àwọn yòókù lọ, ó sì fa sílípáàsì yẹ́lò bọ́ lẹ́sẹ̀ ọ̀kan nínú wọn, ọmọkùnrin ọdún 10. Ọmọ náà sáré lé e. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré, omi tó wà ní orúnkún rẹ̀ ti dé àyà, nítorí etí òkun wa kì í rọra jìn, ńṣe ló máa ń já wọ kòtò. Kò pariwo rárá. Ọmọ tó bá ń rì kì í pariwo, kì í juwọ́. Afẹ́fẹ́ ni ẹnu rẹ̀ ń wá, kò ráyè ọ̀rọ̀. Apẹja kan tó jókòó tó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe ló rí i, òun ló di apá rẹ̀ mú nígbà tí ìgbì mìíràn tì í padà wá. Èmi tí mo jẹ́ amọ̀nà wọn, ẹ̀yìn ni mo kọ sí omi, mò ń ya bàbá wọn ní fọ́tò. Títí dòní ló ń dùn mí.

Nígbà tí à ń padà, a bá sílípáàsì náà lórí iyanrìn, bí igba ìṣísẹ̀ síwájú, ní ìhà ìlà-oòrùn. Bí omi etíkun wa ṣe ń ṣàn nìyẹn, láti apá Sẹ̀mẹ̀ lọ sí apá Èkó, ohun tó bá gbé, ó sábà máa ń jù ú sílẹ̀ níwájú. Láti ọjọ́ náà, kí ọmọ kankan tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́dọ̀ mi, ó gbọ́dọ̀ tún un sọ sétí mi pé: “Ohun tí òkun bá mú, mi ò ní lé e.” Ẹ kọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní gbólóhùn yìí láti ilé, kódà ọmọ ọdún 4.

Bàbá wọn tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ ni ẹ̀rù rẹ̀ tún ń bà mí, nítorí òmùwẹ̀ ni omi máa ń tàn. Omi tí ìgbì gbé wá sórí iyanrìn gbọ́dọ̀ padà, ó sì máa ń wá ojú ọ̀nà tóóró kan gbà jáde. Ẹ ó rí i pé ìgbì kì í fọ́ níbẹ̀, omi ibẹ̀ á dúdú díẹ̀, á dà bí ẹni pé ó dákẹ́, nígbà tí fóòmù funfun wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ibẹ̀ ló dáa fún ìwẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni omi ti ń fa èèyàn lọ sí agbami. Bí ó bá mú un, kó má bá a jà: òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Kó jẹ́ kí ara òun léfòó, kó máa mí, kó wá máa wẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó gba ìbú etíkun, títí yóò fi bọ́ kúrò lójú ọ̀nà tóóró náà. Ìgbà yẹn ni kó tó kọjú sí ilẹ̀.

Ó wá ku ibi tí ẹ ó lọ. Ọmọ Àgbádárìgì ni mí, ṣùgbọ́n mi ò ní torí ìyẹn ṣì yín lọ́nà. Bí ó bá jẹ́ dandan ni kí àwọn ọmọ wọ inú omi òkun, Tarkwa Bay, etíkun kan lẹ́nu èbúté Èkó, ni kí ẹ lọ. Àwọn òkúta ńláńlá tí ìjọba òyìnbó tò sẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó láyé ọjọ́un ló ń gba ìgbì mọ́ra níbẹ̀, omi rẹ̀ sì rọlẹ̀ ju tiwa lọ. Láti èbúté Ìpakòdò ní Ìkòròdú yín, ọkọ̀ ojú omi wà dé CMS, ẹ ó tún wọ òmíràn sí Tarkwa. Ṣùgbọ́n gígun ọkọ̀ àti sísọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lálọ, lẹ́ẹ̀mejì lábọ̀, orúnkún ìyá kò ní fẹ́ ẹ.

Ọ̀rẹ́ yín kò parọ́ nípa ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Ẹ gba Itóìkín, ẹ ti bọ́ nínú gòósílóò Èkó. Kí ẹ kàn mọ̀ pé ọ̀sà ló wà ní Ẹ̀pẹ́ fúnra rẹ̀. Òkun di apá Ìbẹ̀jú-Lẹ́kíì, ìgbì ibẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí tiwa.

Ohun tí Àgbádárìgì fi jù wọ́n lọ fún irú ìdílé yín ni pé omi nìkan kọ́ lẹ wá wò. Nínú ìlú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀sà, ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà níbẹ̀, tí wọ́n parí ní 1845. Ibẹ̀ náà ni ibi tí igi Àgìà wà rí, tí wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ìhìnrere lábẹ́ rẹ̀ ní 1842. Bí ìyá bá jẹ́ onígbàgbọ́, ẹ ó rí ojú rẹ̀. Ọmọ ọdún 13 yẹn ti tó ẹni tó máa wọ yàrá tóóró tí wọ́n ti ń kó ẹrú pamọ́ nílé Séríkì Abass, oníṣòwò ẹrú ayé àtijọ́. Ẹ má fi ipá mú ọmọ ọdún 4 wọbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ wá. Ẹ gba hòtẹ́ẹ̀lì tó kọjú sí ọ̀sà, tó sì ní púùlù. Púùlù ni àwọn ọmọ máa ti wẹ̀, pẹ̀lú bàbá wọn nínú omi. Ọ̀sà dákẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ó jìn, ọkọ̀ sì ń kọjá.

Ọjọ́ òkun, ẹ pín ara yín sí méjì. Kí bàbá mú àwọn ọmọ ńlá méjèèjì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gberefu, sí ibi tí wọ́n ń pè ní Point of No Return, níbi tí àwọn ẹrú ti ń wọkọ̀ lọ láìní àbọ̀. Kíákíá lọkọ̀ máa gbé wọn sọdá, ṣùgbọ́n iyanrìn tí wọ́n máa fẹsẹ̀ rìn kọjá dé etí òkun kì í ṣe ti orúnkún tó ń dunni. Ẹ dá owó kí ẹ tó wọkọ̀. Kí olúkúlùkù wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ẹ di èjìká jákẹ́ẹ̀tì ọmọ mú, ẹ gbé e sókè díẹ̀. Bí ó bá yọ dé etí rẹ̀, ó tóbi jù, ẹ béèrè kékeré. Kí wọ́n padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ̀yin, ìyá àti àbíkẹ́yìn, ẹ jókòó létí ọ̀sà lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì kí gbogbo yín jọ wọ mọ́tò lọ sí etíkun kan lápá Sẹ̀mẹ̀, bíi Suntan. Ibẹ̀ kò gba ọkọ̀ ojú omi, mọ́tò máa gbé ìyá sún mọ́ iyanrìn dáadáa. Kọ́sítọ́ọ̀mù àti ìmígíréṣọ̀n pọ̀ lójú ọ̀nà náà, ẹ mú ìwé ọkọ̀ àti káàdì ìdánimọ̀ dání. Ẹ má gbé àga ìyá sábẹ́ àgbọn tó ti so. Èso rẹ̀ máa ń já láìròtẹ́lẹ̀. Aṣọ pupa tàbí olómi ọsàn ni kí ẹ wọ̀ fún àwọn ọmọ, ẹ má lo búlúù tàbí àwọ̀ ewé, kì í hàn nínú omi. Kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n bọ́ sílípáàsì, ẹ wo àwọn apẹja. Bí wọ́n bá ti wọ́ ọkọ̀ wọn gun orí iyanrìn, tí wọ́n jókòó ti àwọ̀n, omi kò gbọdọ̀ kọjá kókósẹ̀ ọmọ yín lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Túsìdeè ni kí ẹ gbéra, kí ẹ padà ní Tọ́sìdeè, nítorí èrò òpin ọ̀sẹ̀. Kí ẹ kúrò ní Ìkòròdú kí aago márùn-ún ìdájí tó lù, Mile 2 sí Àgbàrà lè jẹ gbogbo àárọ̀ yín.

Ní ti tíúbù, ẹ má rà á. Atẹ́gùn máa ń tì í, omi máa ń fà á, ọmọ á rò pé òun wà láyọ̀ títí yóò fi jìnnà. Owó tíúbù náà, ẹ fi ra kẹ́ẹ̀gì òfìfo oní-lítà mẹ́wàá kan àti okùn tó tó mítà 20. Ẹ dé e pinpin, ẹ so okùn mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí omi bá mú ẹnikẹ́ni, kí ẹni tó wà lórí ilẹ̀ má bẹ́ sínú omi. Kẹ́ẹ̀gì ni kó jù sí i. Ẹ gbìyànjú jíjù rẹ̀ nínú ọgbà yín ní Ìkòròdú kí ẹ tó kó ẹrù.