Ṣé efinrin lè wo ọmú màlúù tó wú?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà ẹran. Ìmọ̀tà, ní Ìkoròdù, ni mò ń gbé. Mo ń sin màlúù, mo sì ń se wàràkàṣì tà. Ọmú ọ̀kan nínú wọn wú, ó gbóná, wàrà ibẹ̀ sì ń jáde ní kókó-kókó. Aládùúgbò mi ní omi efinrin àti aáyù lòun fi sìríǹjì fún sínú ihò ọmú ti tòun, ó sì san. Wọ́n tún ní àwọn olùyẹ̀wò ti rí i pé efinrin ń pa kòkòrò. Ṣé kí èmi náà ṣe é? Ìyá Oníwàrà.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú làálàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún àgbo kankan sínú ihò ọmú yẹn. Omi ewé tí a sè nílé kò mọ́ tó ohun tó yẹ kó wọ ibẹ̀. Kòkòrò mìíràn lè bá a wọlé.

Efinrin lágbára lóòótọ́, inú mi sì ń dùn pé wọ́n ń yẹ ewé wa wò. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: wọ́n á gba wàrà lára ẹran tó ń ṣàìsàn, wọ́n á sin kòkòrò inú rẹ̀, irú bíi Staphylococcus aureus, sínú abọ́ pẹlẹbẹ, wọ́n á kán oje ewé sí ihò kékeré láàárín rẹ̀, ó di ọjọ́ kejì. Bí ewé bá ṣiṣẹ́, àyíká ihò náà á mọ́ kedere, kòkòrò ò ní hù níbẹ̀. Inú abọ́ nìyẹn o! Nínú ọmú, ọ̀rá wàrà ń dín agbára oògùn kù, Staphylococcus yìí sì ń sá pamọ́ sínú ẹran ara.

Èyí tó ká mi lára jù ni pé efinrin inú abọ́ kọ́ ni efinrin inú ìkòkò. Ọtí líle ni ọ̀pọ̀ olùyẹ̀wò fi ń fa oje rẹ̀. Thymol, èròjà inú òróró rẹ̀ tó ń mú kó ta sánsán, kì í fẹ́ yòrò nínú omi. Bí ẹ bá sè é láìdé ìkòkò, tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá, agbára rẹ̀ ló ń bá ooru lọ yẹn.

Ti aládùúgbò yín ńkọ́? Ọmú wíwú tí E. coli, irú kòkòrò mìíràn, bá fà a máa lọ fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn. Ìdí nìyẹn tí olùyẹ̀wò gidi fi ń fún àwọn ẹran kan ní ewé, tó ń fún àwọn mìíràn ní oògùn tí a mọ̀, kó tó sọ pé ewé ló wò ó.

Ní báyìí, ẹ fún màlúù yẹn kẹ́yìn, ẹ da wàrà rẹ̀ nù, ẹ fọwọ́ dáadáa. Ẹ má fi se wàràkàṣì rárá: sísè kì í pa májèlé tí Staphylococcus bá ti tú sínú rẹ̀. Ẹ pe dókítà ẹran kó fi CMT, oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ wàrà láti mọ̀ bóyá ọmú ní àrùn, yẹ orí ọmú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Wàrà tó ní àrùn á yọ̀ bí ewédú. Kó gba wàrà sínú ìgò mímọ́ fún àyẹ̀wò kó tó fún un ní antibáyótíìkì, kó sì sọ iye ọjọ́ tí ẹ ò gbọdọ̀ ta wàrà lẹ́yìn rẹ̀.

Bí aládùúgbò yín bá fẹ́ kí wọ́n yẹ àgbo tirẹ̀ wò, kó kọ ìwọ̀n ewé, ìwọ̀n omi àti bó ṣe pẹ́ tó lórí iná sílẹ̀. Òun ni wọ́n á kọ́kọ́ bi í.