Ṣé kí wẹ́dà jó irin díìsìkì mọ́ fọ́ọ̀kì mountain bike mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mountain bike tòkunbọ̀ onírin ni mò ń gùn ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè níbí, bíréèkì V, èyí tó ń fi rọ́bà fún rímù mú, ló wà lára rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, mo lè tẹ bíréèkì títí kó tó gbọ́. Wẹ́dà kan ládùúgbò ní òun lè jó irin mọ́ fọ́ọ̀kì, ẹsẹ̀ méjì tó di wíìlì iwájú mú, kí n fi de bíréèkì díìsìkì, èyí tó ń fún irin pẹlẹbẹ róbótó tó wà láàárín wíìlì mú. Ṣé kí n gbà?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà.

Ẹ fi ìka kan ti ilẹ̀kùn níbi kọ́kọ́rọ́, á lọ. Ẹ wá tì í nítòsí ibi tí wọ́n ti kàn án mọ́ férémù, ẹ ó rí bí agbára tó ń gbà ṣe pọ̀ tó. Rímù tí bíréèkì V ń fún mú fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 28 jìnnà sí àárín wíìlì. Díìsìkì tó fẹ̀ ní mìlímítà 160 kò ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ láti àárín dé etí. Kí wíìlì kan náà tó dúró, díìsìkì ní láti fi agbára tó ju ìlọ́po mẹ́ta lọ dì í mú, ẹsẹ̀ òsì fọ́ọ̀kì nìkan ló sì máa gbà á sára. Ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì àtijọ́ kò nípọn tó bẹ́ẹ̀.

Irú fọ́ọ̀kì tí wọ́n jó báyìí ti dé ọwọ́ mi rí. Ojú ìjó yẹn mọ́, ó dán. Nígbà tí mo fi àkísà nu ẹrẹ̀ abẹ́ rẹ̀, mo rí ìlà kan tó tínrín bí irun orí, ó ti yí ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì náà ká dé ìdajì. Ọmọ ilé-ìwé ló ń gun kẹ̀kẹ́ yẹn.

Fọ́ọ̀kì àti wíìlì iwájú ni kí ẹ pààrọ̀. Ẹ mú rúlà lọ sọ́jà. Ẹ wá fọ́ọ̀kì wíìlì íǹṣì 26 tó ní ihò méjì fún díìsìkì lẹ́sẹ̀ òsì, tí ihò náà fi mìlímítà 51 jìnnà síra. Ẹ wọn ọrùn rẹ̀ mọ́ ti àtijọ́ kí ẹ tó sanwó. Bí fọ́ọ̀kì náà bá fi ju mìlímítà 20 ga ju ti àtijọ́, orí kẹ̀kẹ́ á gbé sókè, yíyí rẹ̀ á sì wúwo. Họ́ọ̀bù wíìlì náà gbọ́dọ̀ ní ihò bóòtì mẹ́fà fún díìsìkì.

Bíréèkì díìsìkì tó ń lo wáyà ni kí ẹ rà, ti mountain bike, kí ẹ lè lo ọwọ́ bíréèkì tó wà nílẹ̀. Ti kẹ̀kẹ́ eré-ìje kò bá a mu.

Ẹ fi ẹ̀yìn sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, iwájú ni ìwúwo yín ń sáré lọ. Wíìlì ẹ̀yìn á kàn máa yọ̀ ni. Rọ́bà bíréèkì tuntun àti rímù tí ẹ fọ̀ mọ́ ti tó o.

Ẹ má fi ọwọ́ tó ní òróró kan díìsìkì. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ sáré kí ẹ sì tẹ bíréèkì bí ogún ìgbà kí ẹ tó gun òkè. Ẹ tún wo ìdí fọ́ọ̀kì: díìsìkì máa ń fẹ́ ti ọ̀pá àárín wíìlì jáde, nítorí náà ètè kékeré tó dí i gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ de ọ̀pá yẹn le dáadáa ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yọ wíìlì.