Ẹ má ṣe da epo sínú Walkman yín

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Kétu ni mo ti ń kọ̀wé. Walkman, ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì, tí mo jogún lọ́wọ́ bàbá mi ti ń falẹ̀, ohùn àwọn olórin ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ sì ti ki bí ohùn ẹni tí oorun ń kùn. Wọ́n ní kásẹ́ẹ̀tì ló gbó, pé kí n da epo ẹ̀rọ ìránṣọ díẹ̀ sí i. Ṣé kí n dà á?

Ìdáhùn: Ẹ má dà á. Bí kásẹ́ẹ̀tì mìíràn bá tún falẹ̀ nínú ẹ̀rọ yẹn, tí bátìrì sì jẹ́ tuntun, a jẹ́ pé ẹ̀rọ ni ó ní àrùn, kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé wá bá mi ní Àjàṣẹ́ níhìn-ín, epo ni ó bà wọ́n jẹ́, ó sì ń dùn mí. Sẹ̀ǹtímítà 4.76 ni okùn inú kásẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan àti àgbá rọ́bà kékeré kan ni wọ́n jọ fún okùn náà mọ́ àárín, tí wọ́n sì ń fà á lọ. Bí epo bá kan ibẹ̀, rọ́bà yóò máa yọ̀, okùn yóò dúró tàbí kí ó wé mọ́ ọ̀pá, ẹ̀rọ yóò sì jẹ ẹ́. Epo a tún máa mú kí rọ́bà wú, kí ó sì rọ̀. Ti kẹrosíìnì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bẹ́líìtì, ìyẹn rọ́bà tí ń gbé agbára mọ́tò lọ sí ara ọ̀pá náà, ni ó sábà ń fa ìfàlẹ̀. Bí a kò tilẹ̀ lo ẹ̀rọ, bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, bẹ́líìtì á dẹ̀. Sony gbé Walkman àkọ́kọ́ jáde ní Japan ní 1979, ó sì ti dáwọ́ títa oníkásẹ́ẹ̀tì dúró níbẹ̀ ní 2010, nítorí náà bẹ́líìtì tí ó bá ti yín wá yóò ti pẹ́ gan-an. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mọṣẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Kí ó fi òwú àti alkóòlù 90 ti fámásì nu orí irin tí ń ka okùn, kí ó sì jẹ́ kí ó gbẹ. Ìdọ̀tí rúsúrúsú tí yóò hàn lára òwú, ara okùn ni ó ti bọ́. Kí ó má fi sódábì, ọtí líle ìbílẹ̀ wa, ṣe é, nítorí omi pọ̀ nínú rẹ̀.

N kò tíì rí ẹ̀rọ yín, n kò sì lè ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé okùn ti bu, tí nǹkan funfun bò ó, ẹ má ṣe fi sínú ẹ̀rọ rárá.

Àwọn ọ̀dọ́ a máa bi mí pé kí ni a tún ń fi Walkman ṣe láyé fóònù. Ẹ̀fẹ̀ tí bàbá yín gbà sílẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn, bí wọn kò bá ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kò sí fóònù tí ẹ lè ti gbọ́ ọ. Nítorí náà, lónìí gan-an, ẹ ṣẹ́ ike kékeré méjì tí ó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì náà kúrò, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì gba nǹkan mìíràn lé e lórí. Bí ẹ̀rọ bá sì ti yá, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kí ẹ tó máa fi gbádùn ara yín.