Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé Iye Orí Kìlómítà Ló Ń Lé Awakọ̀ Akẹ́rù Lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń kó ẹrù lọ sí ọ̀nà jíjìn, ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́rìnlá la ní. Láàárín ọdún kan péré, awakọ̀ mọ́kànlá ti fi wá sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fi owó kún iye tí mo ń san lórí kìlómítà, mo sì tún ń fún ẹni tuntun ní owó ìkíni-káàbọ̀, síbẹ̀ wọn kò dúró. Ẹnì kan sọ fún mi pé owó náà ni kò tíì tó. Èló gan-an ni kí n fi kún un? Ǹjẹ́ ó sì yẹ kí n so kámẹ́rà mọ́ inú ọkọ̀ kí n lè mọ ohun tí wọ́n ń ṣe lójú ọ̀nà?

Ìdáhùn: N kò ní dárúkọ iye kankan fún yín, nítorí pé ẹ ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, lápálápá lẹ ń pa. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Irú lẹ́tà yìí ń wọlé sí mi lemọ́lemọ́, ohun kan náà ló sì wà nídìí gbogbo wọn: ìgbàgbọ́ pé ilé-iṣẹ́ tí iye orí kìlómítà rẹ̀ bá ga jù lọ ni awakọ̀ yóò máa rọ́ lọ. Àwọn tó ń pe ara wọn ní olùdámọ̀ràn ló ń ta ọ̀rọ̀ yìí kiri bí ẹni ń ta àgbo gbogboǹṣe, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì sun inú ọkọ̀ akẹ́rù rí lóru ọjọ́ kan. Awakọ̀ fẹ́ owó, ta ni kò fẹ́? Ṣùgbọ́n iye orí kìlómítà yàtọ̀ sí owó tó ń mú délé, ibẹ̀ gan-an ni ẹ ti ṣì í.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó, kí a má tilẹ̀ dárúkọ owó orílẹ̀-èdè kankan. Ilé-iṣẹ́ kìíní ń san owó ẹyọ 12 lórí kìlómítà 10 kọ̀ọ̀kan, ilé-iṣẹ́ kejì ń san ẹyọ 10. Awakọ̀ ilé-iṣẹ́ kìíní lo wákàtí 60 lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n kìlómítà 2,000 péré ló rìn, nítorí pé ìyókù àkókò rẹ̀ bá dídúró níbi tí wọ́n ti ń kẹ́rù àti ibi tí wọ́n ti ń já a lọ; owó rẹ̀ jẹ́ ẹyọ 2,400. Awakọ̀ ilé-iṣẹ́ kejì lo wákàtí 60 kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n bá a ṣètò àkókò pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́rù débi pé ó rin kìlómítà 2,800. Owó tirẹ̀ jẹ́ ẹyọ 2,800. Ẹni tí iye orí kìlómítà rẹ̀ kéré ni owó rẹ̀ pọ̀. Àwọn awakọ̀ kì í kọ ìṣirò yìí sórí bébà, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò mọ̀ ọ́n lórí.

Ẹ lè sọ pé kí awakọ̀ tó dúró pẹ́ sáré dí àkókò tó sọnù. Òfin kò gbà á láyè, ara ènìyàn kò sì gbà á. Ní Amẹ́ríkà, wákàtí 11 ni awakọ̀ akẹ́rù lè fi wakọ̀ kó tó lọ sinmi, inú wákàtí 14 tí a kà láti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà ló sì gbọ́dọ̀ ti wà á, bẹ́ẹ̀ ni wákàtí 14 náà kì í dúró de ẹnikẹ́ni nígbà tí ọkọ̀ bá tò sẹ́nu ilé ìkẹ́rùsí, àfi àwọn àyè díẹ̀ tí òfin fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá sùn nínú ọkọ̀. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, wákàtí 9 ni lójúmọ́, tó lè di 10 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí ènìyàn bá ti wakọ̀ fún wákàtí mẹ́rin ààbọ̀, ó gbọ́dọ̀ sinmi fún ìṣẹ́jú 45, gbogbo wákàtí ìwakọ̀ inú ọ̀sẹ̀ kan kò sì gbọ́dọ̀ ju 56 lọ. Nítorí náà, wákàtí mẹ́fà tí ẹlẹ́rù bá jẹ mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́ kò ní padà sí i lọ́wọ́ mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Bí wọ́n bá sì fi agbára mú un pé kó dí i, ẹ̀mí ló ń bá a lọ: ní ọdún 2018, ọ́fíìsì tó ń ṣe àyẹ̀wò iṣẹ́ fún ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ètò ìrìnnà fojú díwọ̀n rẹ̀ pé bí àkókò tí ọkọ̀ akẹ́rù ń lò níbi ìkẹ́rù bá fi ìṣẹ́jú 15 péré gùn sí i ní ìpíndọ́gba, ìwọ̀n ìjàǹbá tí a ń retí yóò fi ìdá 6.2 nínú ọgọ́rùn-ún lé. Ìwé kan náà fojú bù ú pé ìdúró yìí ń dín owó tó ń wọlé fún àwọn awakọ̀ tó ń kó ẹrù oníbàárà kù ní bílíọ̀nù dọ́là 1.1 sí 1.3 lọ́dọọdún. Owó tó sọnù lápò awakọ̀ nìyẹn, tí ẹ̀yin wá ń fi ìwọ̀nba owó orí kìlómítà wá lẹ́yìn.

Mo wakọ̀ akẹ́rù fún ọdún mẹ́sàn-án kí n tó bọ́ sídìí ètò ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọjọ́ kan fún yín. Mo dé ilé ìkẹ́rùsí kan ní aago márùn-ún ìdájí, nítorí pé aago márùn-ún ààbọ̀ ni wọ́n kọ sínú ìwé mi. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì kọ nọ́ńbà 31 sórí bébà pélébé kan fún mi, ó ní kí n má ṣe kúrò nínú ọkọ̀, pé wọn yóò wá kan fèrèsé nígbà tó bá kàn mí. Mo pa ẹ́ńjìnnì, nítorí pé ilé-iṣẹ́ wa máa ń ka epo tí a bá jó lórí ìdúró sí wa lọ́rùn. Òtútù mú mi, èémí mi sì bo gíláàsì títí n kò fi rí ìta mọ́. Nígbà tí ẹnì kan fi máa wá kan fèrèsé, aago méjì ọ̀sán ti lù, bébà náà sì ti rún mọ́ mi lọ́wọ́ débi pé nọ́ńbà ara rẹ̀ kò ṣeé kà mọ́. Wákàtí mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó láìgba kọ́bọ̀ kan, olùpínṣẹ́ wa sì pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti béèrè ìdí tí n kò fi tíì gbéra. Oṣù yẹn gan-an ni ilé-iṣẹ́ náà fi owó kún iye orí kìlómítà wa. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni mo kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Owó ìdúró, ìyẹn owó tí awakọ̀ ń gbà fún wákàtí tó fi dúró de ẹrù, ni ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn yín pẹ̀lú ẹlẹ́rù pé lẹ́yìn iye wákàtí kan, tó sábà máa ń jẹ́ méjì, owó yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gorí owó. Ẹ san án fún awakọ̀ yálà ẹlẹ́rù san án fún yín tàbí kò san án, nítorí pé àárín ẹ̀yin àti ẹlẹ́rù ni ẹjọ́ yẹn wà. Àwọn ọ̀gá kan wà tó ń gba owó ìdúró lọ́wọ́ ẹlẹ́rù, tí wọ́n sì ń fi sápò ara wọn. Bí ẹ bá wà lára wọn, ẹ má tún kọ lẹ́tà sí mi pé awakọ̀ ń sá. Ilẹ̀ Yúróòpù tilẹ̀ ti mọ ewu sísan owó lórí ìwọ̀n ọ̀nà tipẹ́: òfin wọn ti ọdún 2006 kò gbà kí ilé-iṣẹ́ so owó awakọ̀ mọ́ bí ọ̀nà tó rìn ṣe jìn tó, bí irú owó bẹ́ẹ̀ bá lè fa ewu lójú pópó tàbí kó mú un rú òfin ìsinmi.

Owó ìkíni-káàbọ̀ ńkọ́? Ẹni tó tìtorí rẹ̀ wá yóò tìtorí ti ẹlòmíràn lọ, awakọ̀ tó ti bá yín ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́rin yóò sì máa wo àlejò tó ń gba owó tí òun kò gbà rí. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń gbé ẹrù ọ̀nà jíjìn fi ọ̀pọ̀ ọdún pàdánù awakọ̀ tí iye wọn lọ́dún kan sún mọ́ 90 nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ owó ìkíni-káàbọ̀ kò wọ́n wọn. Àmọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kó ẹrù kéékèèké oríṣiríṣi pọ̀ sínú ọkọ̀ kan, tí wọ́n sì ń gba ojú ọ̀nà kan náà ní àkókò kan náà, kì í pàdánù ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ. Owó wọn náà dára, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ awakọ̀ wọn ló mọ ìgbà tí yóò gbéra àti ìgbà tí yóò délé, wọ́n sì sábà máa ń san owó wákàtí fún iṣẹ́ tí kì í ṣe ìwakọ̀.

Ìyókù kò gba àlàyé gígùn. Bí ẹ bá ṣèlérí pé Ọjọ́ Ẹtì ni awakọ̀ yóò délé, Ọjọ́ Ẹtì ni kó jẹ́. Ẹni tí ìsọmọlórúkọ ọmọ rẹ̀ bá ti kọjá lójú ọ̀nà kò ní gbàgbé. Kí ìwé owó rẹ̀ fi ohun tí ẹ yọ àti ìdí tí ẹ fi yọ ọ́ hàn kedere. Ẹ lọ yẹ ìwé tí awakọ̀ ń kọ àléébù ọkọ̀ sí wò pẹ̀lú: bí ẹ bá rí i pé ẹnì kan kọ “bírékì ń fà sápá òsì” lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tí mẹkáníìkì sì fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé kò sí àléébù, ẹ ti rí awakọ̀ kejìlá tó ń bọ̀ wá kọ̀wé. Olùpínṣẹ́ yín náà ńkọ́? Ó yẹ kí ẹ jẹ́ kó bá ọkọ̀ lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, kó rí ohun tó ń fi fóònù pàṣẹ.

Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò. Àwọn òfin tí mo tọ́ka sí ní àyè àti ìyàtọ̀ tí n kò lè kọ tán síbí, wọ́n sì lè yí padà, nítorí náà kí ẹ tó yí àdéhùn iṣẹ́ ẹnikẹ́ni padà, ẹ bá ẹni tó mọ òfin iṣẹ́ àti ti ìrìnnà níbi tí ọkọ̀ yín ti ń ṣiṣẹ́ sọ̀rọ̀.

Ní ti kámẹ́rà, èyí tó kọjú sí ojú ọ̀nà kì í fa wàhálà púpọ̀, nítorí pé ó ti yọ ọ̀pọ̀ awakọ̀ nínú ẹ̀sùn ìjàǹbá tí kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Èyí tó kọjú sí awakọ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n kórìíra. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Bí ẹ bá máa so ó, ẹ sọ fún wọn ṣáájú, kí ẹ sì kọ ẹni tí yóò máa wo àwòrán náà àti iye ọjọ́ tí ẹ máa fi pa á mọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ ń wá ni bí wọ́n ṣe ń lo àkókò wọn, ó ti wà nínú ìwé ìrìn-àjò tó wà lórí tábìlì yín: aago tí ọkọ̀ dé ẹnu géètì, àti aago tó jáde. Ẹ kọ́kọ́ ka ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ná.