Ibo ni àmì V yẹn wà? Ẹsẹ̀ mi ló kọ́ mi

Àbúrò mi, o ní o rí ejò kúkúrú alámì V lóko tí o ti ń ṣiṣẹ́ ní Limpopo ní South Africa, o ò sì mọ̀ bóyá puff adder ni tàbí night adder. Ibo ni V náà wà? Bó bá jẹ́ orí, tí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sí imú, night adder ni. Bí wọ́n bá tò sẹ́yìn rẹ̀ títí dé ìrù, tí ṣóńṣó wọn kọjú sí ìrù, puff adder nìyẹn, irú paramọ́lẹ̀ tó wà nílé náà. Ó máa ń ki pọ́pọ́, bí o bá sún mọ́ ọn, á máa mí bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ.

Èyí tó bù mí ṣán ò mí rárá o. Ìrọ̀lẹ́ ni, sálúbàtà ni mo wọ̀, ó nà gbalaja sójú ọ̀nà tó ṣì gbóná. Mo rò pé ẹ̀gún ni. Kò pé wákàtí kan tí ẹsẹ̀ fi wú dé orúnkún, ó ń ta mí bíi pé wọ́n ń da epo gbígbóná sínú egungun. Ẹnì kan fi okùn so itan mi pinpin. Okùn yẹn burú ju ejò lọ! Awọ ẹsẹ̀ lé bíi ti ẹni tí omi gbígbóná bó, ó dúdú, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gé ẹran kúrò.

Nọ́ọ̀sì wá ní kí n lọ mú ejò náà wá. Ejò wo? Abẹ́rẹ́ aporó ejò kan náà tí wọ́n ń ṣe ní Johannesburg ni wọ́n ń fún ẹni tí puff adder, ejò mamba tàbí ṣèbé bù ṣán. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi wà lórí bẹ́ǹṣì.

Ẹ̀yin tó ń gun òkè Drakensberg, paramọ́lẹ̀ ibẹ̀, berg adder, kékeré ni, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ yẹn ò ràn án. Ìpéǹpéjú á wálẹ̀, imú ò ní gbóòórùn mọ́. Ní aṣálẹ̀ Namib, paramọ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Péringuey's adder máa ń ri ara rẹ̀ sínú iyanrìn, ojú tó wà lókè orí rẹ̀ nìkan ló máa ń yọ.

Kí ni mo tiẹ̀ ń dáhùn? Night adder. Abẹ́rẹ́ yẹn ò wà fún un, ojú ibi tó bá bù ṣán kàn máa ń wú, á sì máa dunni. Ejò kan wà tó ń jẹ ẹyin, tó jọ ọ́ gan-an, tí kò lóró rárá. Ya fọ́tò èyí tí o rí láti òkèèrè, má fi igi tọ́ ọ.