Àbúrò yín àti ọ̀rọ̀ diminished responsibility ní kóòtù London

Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ ní wọ́n fẹ̀sùn murder (ìpànìyàn tó wúwo jù) kan àbúrò yín, pé schizophrenia (àìsàn ọpọlọ) ti ń bá a jà tipẹ́, lọ́yà wá mẹ́nu ba diminished responsibility, ìyẹn àwíjàre pé àìsàn ọpọlọ dín ẹ̀bi ẹni kù. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n á dá a sílẹ̀. Rárá o. Tí wọ́n bá gbà á, yóò ṣì jẹ̀bi, àmọ́ manslaughter ni (ìpànìyàn tí ẹ̀bi rẹ̀ kò tó ti murder), kì í ṣe murder. Ẹ̀wọ̀n gbére ni dandan fún murder. Ti manslaughter ni adájọ́ ti lè ro ìdájọ́ tó yẹ ẹ́.

Òfin ìpànìyàn ti 1957 (Homicide Act) ló gbé àwíjàre yìí kalẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá 2010. Ọpọlọ àbúrò yín gbọ́dọ̀ ti dàrú, kó sì jẹ́ àìsàn tí àwọn dókítà mọ̀ ló fà á. Àìsàn náà gbọ́dọ̀ ti dín agbára rẹ̀ kù gidigidi láti mọ ohun tó ń ṣe, láti ronú bó ṣe yẹ, tàbí láti kó ara rẹ̀ níjàánu; ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tó. Ó sì gbọ́dọ̀ wà lára ohun tó mú un ṣe é. "Gidigidi" yẹn ló máa ń ba ẹjọ́ jẹ́. Nínú ẹjọ́ Golds, 2016, kóòtù tó ga jù níbẹ̀ ní kó kàn ju bíńtín lọ kò tó.

Àbúrò yín ló gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí èyí wá, kì í ṣe ìjọba. Kò pọn dandan kó dájú ṣáká. Kó sáà ti ṣeé gbà gbọ́ ju pé kò rí bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ọtí bá wà ńbẹ̀, ẹ má fi pamọ́ fún lọ́yà: ọtí àmupara nìkan kì í ṣe àìsàn (ẹjọ́ Dowds, 2012), àmọ́ kò pa àìsàn tó ti wà tẹ́lẹ̀ rẹ́ (ẹjọ́ Dietschmann, 2003).

Iṣẹ́ tiyín rèé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tijú àìsàn rẹ̀. Bí ẹ bá sọ fún dókítà ọpọlọ pé "ayé ló ń ṣe é" tán, tí ẹ dákẹ́, kò rí nǹkan kan kọ. Ẹ sọ ohun tí ojú yín rí, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀: ó lẹ ìwé ìròyìn mọ́ fèrèsé, ó ní tẹlifíṣọ̀n ń pe orúkọ òun. Páálí oògùn tí hóró ṣì kún inú rẹ̀, ẹ gbé e fún lọ́yà, ẹ má dà á nù. Ẹ má sì pa ohunkóhun rẹ́ lórí fóònù rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn nìyẹn.

Tí wọ́n bá gba manslaughter, dókítà méjì lè jẹ́rìí kí adájọ́ rán an lọ sílé ìwòsàn, kó sì fi ìdè kún un kí wọ́n má bàa tètè tú u sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀wọ̀n, ìlànà ìdájọ́ ti 2018 fún àwọn adájọ́ ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti ẹ̀wọ̀n ọdún 24, 15 tàbí 7, bí ẹ̀bi tó kù lọ́rùn rẹ̀ bá ṣe wúwo tó. Bó bá ti dá oògùn rẹ̀ dúró, ìyẹn lè mú kí ẹ̀bi yẹn wúwo sí i, àfi tó bá hàn pé àìsàn náà ni kò jẹ́ kó mọ̀ pé òun nílò rẹ̀. Nítorí náà, ẹ wá ìdí tó fi dá a dúró, kí ẹ sì wá ọjọ́ tó sọ ọ́ fún GP (dókítà àdúgbò) rẹ̀.