Bọ́ọ̀sì onílé, òkè Ẹ̀fọ̀n àti ọ̀rọ̀ "fíríì"

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá Mẹkáníìkì. Èmi àti ìyàwó mi ti fẹ̀yìn tì, a wá sọ bọ́ọ̀sì Hiace wa di ilé: bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù gáàsì àti táńkì omi ló wà nínú rẹ̀. A kọ́kọ́ gbé e láti Akúrẹ́ lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Gígun òkè kò ni wá lára, àmọ́ nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, òórùn nǹkan tó ń jóná gba inú mọ́tò, bíréèkì sì ń rì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Páàdì bíréèkì wo ni kí n rà kí a tó lọ sí Obudu? Mo máa ń fi í sí fíríì, ìyẹn kó má wà nínú gíà kankan, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí epo má baà jó púpọ̀.

Ìdáhùn: Bàbá mi, ẹ kú ewu. Páàdì ni ẹ bi mí, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ sọ kẹ́yìn ni mo fẹ́ dáhùn. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Fíríì yẹn ló fẹ́ gbẹ̀mí ẹ̀yin àti ìyá wa. Ẹnu mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó lórí ọ̀rọ̀ yìí, síbẹ̀ àwọn awakọ̀ àgbà ṣì ń fi kọ́ ọmọ ẹ̀yìn wọn.

Ẹ gbọ́: fíríì kò bá yín ṣọ́ epo kankan. Ẹ́ńjìnnì tó wà ní fíríì gbọ́dọ̀ máa mu epo kó má baà kú. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá wà nínú gíà tí ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù tí ẹ fi ń fún un lépo, táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì. Kọ̀ǹpútà inú rẹ̀, tí àwa ń pè ní bíréènì, á ti nọ́sù tó ń fọ́n epo pa, epo ò ní wọlé mọ́ títí eré ẹ́ńjìnnì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ balẹ̀. Bóyá láti ayé kábúrétọ̀, nígbà tí kò sí bíréènì nínú mọ́tò, ni àṣà fíríì ti wá, n ò mọ ohun tó tún gbé e dúró. Àwọn tó tiẹ̀ ń pa ẹ́ńjìnnì pátápátá burú jù: sítíárì á le, bíréèkì náà á le.

Ẹ wá wo ooru. Bọ́ọ̀sì tó wọn tọ́ọ̀nù mẹ́ta, tó bá sọ̀ kalẹ̀ láti òkè tó ga ní 300 mítà, ooru tó ń bọ̀ níbẹ̀ á mú kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 hó. Afẹ́fẹ́ á gba díẹ̀ nínú rẹ̀. Nínú gíà, ẹ́ńjìnnì á gba púpọ̀. Ní fíríì, orí bíréèkì nìkan ló ń já lé. Ọ́ìlì bíréèkì sì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra: irú èyí tí wọ́n ń pè ní DOT 3, tó bá jẹ́ tuntun, kì í hó títí ooru á fi dé nǹkan bí 205°C, ṣùgbọ́n èyí tí omi ti wọ̀ lè hó ní 140°C. Tó bá ti hó, oru ló kù nínú páìpù, oru sì ṣeé tẹ̀ pọ̀. Ó jọ pé ohun tó ń rì lábẹ́ ẹsẹ̀ yín nìyẹn. Mo ní ó jọ o, torí n kò tíì fojú rí mọ́tò yín. Ó lè jẹ́ pé ọ́ìlì ń jò níbì kan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a tú táyà bọ́ọ̀sì kan tó ṣe irú èyí. Dísìkì rẹ̀, irin tí páàdì ń fún mọ́, ti di búlúù bí ọrùn ẹyẹlé, ojú páàdì ń dán bíi tánganran. Oṣù kan ṣáájú ni olówó rẹ̀ pààrọ̀ páàdì.

Nítorí náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ẹ ti wọ gíà kejì tàbí ìkẹta. Bó bá jẹ́ ọtomátíìkì, ẹ fà á sí 2 tàbí L. Ẹ́ńjìnnì á ké. Ẹ jẹ́ kó ké, bí ọwọ́ RPM tó ń fi eré ẹ́ńjìnnì hàn kò bá ti wọ ojú pupa. Bó bá fẹ́ sáré jù, ẹ tẹ bíréèkì dáadáa, kí ẹ sì gbẹ́sẹ̀ kúrò kó gba atẹ́gùn. Ẹ má kàn fẹsẹ̀ lé e wẹ́rẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí òórùn bá dé, ẹ wá ibi tó tẹ́jú dúró sí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da omi sí i, dísìkì á sán.

Ọ̀nà tó gun òkè Obudu tó kìlómítà 11, kọ́nà 22 ló wà lórí rẹ̀, òkè náà sì ga ju 1,500 mítà lọ. Omi lítà 100 nínú táńkì, ẹrù kílò 100 ni. Ẹ dín in kù. Ẹ ti gáàsì pa láti orí sílíńdà kí ẹ tó gbéra.

Ti páàdì tí ẹ béèrè: èyíkéyìí tó bá jẹ́ ojúlówó ti Hiace, lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀. Àmọ́ bí ọ́ìlì bíréèkì yín bá ti lé ní ọdún méjì, ẹ má tíì lọ síbì kankan. Ẹ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù kí n fà á jáde níṣojú yín, kí ìyá wa náà bá yín wá kí wọ́n rí àwọ̀ rẹ̀.